Kọ́ọ̀sì Kan Tàbí Méjì? Ìtàn Oyè Alápapọ̀ Láti Ẹnu Ọmọ Ìlobùú àti Ọmọ Ifọ́n

Àwa méjì la jọ kọ ọ̀rọ̀ tòní. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọmọ Ìlobùú, èkejì jẹ́ ọmọ Ifọ́n-Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yóò ti mọ ìdí tí a fi tètè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó fara balẹ̀, a ó débẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn jáńbáìtì máa ń bi wá lọ́dọọdún. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí 'àti' láàárín orúkọ kọ́ọ̀sì tí wọ́n fún mi. Ṣé kì í ṣe pé àwọn tó mókè ni wọ́n fún ní odindi, tí wọ́n wá fún èmi ní ààbọ̀-ààbọ̀?" Ẹlòmíràn á ní òun gbọ́ pé ní Amẹ́ríkà, èèyàn lè mú major kan àti minor kan, ó wá fẹ́ mọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù minor níbí. Àwọn òbí náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí ọmọ Ìlobùú inú wa sọ fún bàbá rẹ̀ pé Ìtàn àti Ẹ̀kọ́ Ìbáṣepọ̀ Orílẹ̀-èdè ni wọ́n fún òun, bàbá ní, "Èwo gan-an nínú méjèèjì ni wọn yóò fi pè ọ́?"

Ìbéèrè bàbá yẹn kì í ṣe ìbéèrè òpè. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń jiyàn lé e lórí ní àwọn yunifásítì wa. Ìtàn iyàn náà la fẹ́ sọ, nítorí ẹni tó bá mọ ibi tí òfin kan ti wá ló máa ń mọ bí òun ṣe lè lò ó.

Ìlànà Lọ́ńdọ̀nù

Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí àwọn baba ńlá wa kọ́kọ́ ń lọ kò sí ní Nàìjíríà. Fourah Bay ni, ní Freetown ní Sàró, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1827. Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ní 1876, Fourah Bay so mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oyè Durham sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Nígbà tó kan Ìbàdàn, irú ètò yẹn náà ni wọ́n ṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 kúrò ní Yaba Higher College lọ bẹ̀rẹ̀ University College ní Ìbàdàn. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló ń fún wọn ní oyè, ìlànà Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé.

Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀nà méjì tí èèyàn lè gbà. Ọ̀nà kìíní ni oyè honours, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, kó wà á jinlẹ̀ títí yóò fi jáde. Ọ̀nà kejì ni oyè gbogbogbò, tí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́ta pa pọ̀. Lójú àwọn olùkọ́ àti lójú àwọn tó ń gbani síṣẹ́, ọ̀nà kìíní ló níyì. Ẹni tó bá ṣe oyè gbogbogbò, wọ́n máa ń rò pé kò lágbára tó láti ṣe tọ̀hún ni. Ẹ wò ó dáadáa, ibẹ̀ ni ìtìjú tó ń bá jáńbáìtì òde òní ti wá. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kó tó sọ pé ẹ̀kọ́ kan tóbi ju méjì lọ. A jogún rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká fi èèyàn méjì ṣe àpẹẹrẹ. Chinua Achebe wọ Ìbàdàn ní 1948 láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Lẹ́yìn ọdún kan ó rí i pé ọ̀nà òun kọ́ nìyẹn, ó yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì, Ìtàn àti Ẹ̀kọ́ Ẹ̀sìn. Ìyípadà yẹn ná an lówó, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún un bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí ló dìde ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta yẹn ló fi jáde ní 1953. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni ìwé Things Fall Apart jáde. Ẹni tó bá ti ka ìwé náà yóò rí ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú rẹ̀: ìtàn bí òyìnbó ṣe gba ìlú, ẹ̀sìn méjì tó kọlu ara wọn, àti èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ̀ bí ó ṣe fẹ́.

Christopher Okigbo náà, ìṣègùn ló bá wọlé, ó sì yí padà sí Classics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́. Ó jáde ní 1956. Orúkọ kan ṣoṣo ni Classics ń jẹ́ lórí ìwé, ṣùgbọ́n èdè méjì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìtàn, ewì àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní òun ń ṣe "ẹyọ kan" lè máa ṣe mẹ́rin láìmọ̀.

Ọkùnrin tó kó wá sí Ìlobùú

Ní àkókò kan náà, olùkọ́ kan wà ní Ìbàdàn tí ìlànà yìí sú. Ulli Beier lorúkọ rẹ̀, ọmọ Jámánì. Ó dé Nàìjíríà ní 1950 láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ nípa ìró èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ohun tí wọ́n ní kí òun kọ́ wọn kò kan ohun tó wà lẹ́yìn ògiri ilé ẹ̀kọ́ náà. Ní 1951 ó kúrò ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, ó bọ́ sí ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Extra-Mural, èyí tó ń gbé ẹ̀kọ́ yunifásítì lọ bá àwọn tíṣà, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ní ìlú wọn. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Susanne Wenger, kó kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ẹdẹ. Láti Ẹdẹ wọ́n kó wá sí Ìlobùú, kí wọ́n tó wá tẹ̀dó sí Òṣogbo.

Bẹ́ẹ̀ ni o, Ìlobùú tiwa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú wa kò mọ̀ pé ọkùnrin tó kópa nínú ìdásílẹ̀ ìwé ìròyìn Black Orpheus ní 1957 ti gbé láàárín wa. Ohun tó ń kọ́ kò ní ẹ̀ka kankan ní yunifásítì ìgbà náà. Ìtàn ni, ewì ni, ẹ̀sìn ni, iṣẹ́ ọnà ni. Bó bá jẹ́ pé ó ní kí òun fi gba oyè Lọ́ńdọ̀nù, wọn ì bá bi í pé ẹ̀kọ́ wo gan-an ló ń ṣe. Ní 1962, òun àti Dúró Ládípọ̀ dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo, ibẹ̀ ni eré oníṣe, orin, ìlù àti àwòrán ti pàdé. Dúró Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe elérè nìkan, kì í ṣe olórin nìkan, kì í sì í ṣe òpìtàn nìkan.

Bí ẹ bá tún wo ìlú wa méjèèjì, ẹ ó rí i pé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kò lè ká wọn. Olúfọ́n ni oyè ọba Ifọ́n. Títí di òní, àwọn olórìṣà ní Brazil ń pe Òrìṣàńlá tó ti darúgbó ní Oxalufã. Ìlobùú kò ṣe é dárúkọ kí a má dárúkọ Erinlẹ̀, ọdẹ tó di omi. Ní Cuba, Inle ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé àṣekágbá lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ó gbọ́dọ̀ mọ Yorùbá, kó mọ ìtàn òwò ẹrú, kó mọ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, kó sì gbọ́ èdè Potogí tàbí Sípáníìṣì díẹ̀.

Ìlànà Amẹ́ríkà àti iyàn ọdún 1960

Ọ̀rọ̀ major àti minor tí àwọn ọmọ tuntun ń gbọ́ nínú fíìmù kò ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Yunifásítì Johns Hopkins, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 1876, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ wọn, ní 1877 sí 1878. Ní Harvard, Charles Eliot, tó jẹ́ olórí ibẹ̀ láti 1869 títí di 1909, ti tú okùn sílẹ̀ pátápátá: kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ohun tó bá wù ú. Àwọn kan wá ń ṣa kọ́ọ̀sì tó rọrùn jọ, wọn ò sì mọ ọ̀kankan dé ìdí. Lowell tó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀ ló fún okùn náà pa dà díẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ ní ibì kan tó ti jinlẹ̀, kó sì tún tọ́ ibòmíràn wò. Ibì kan tó ti jinlẹ̀ ni major. Ibòmíràn tó tọ́ wò tó bẹ́ẹ̀ tó ṣeé kà sí nǹkan ni minor.

Nnamdi Azikiwe kàwé ní Amẹ́ríkà, ní Howard àti Lincoln. Nígbà tí Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ṣí ilẹ̀kùn ní oṣù kẹwàá 1960, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Michigan State University, irú ìlànà yẹn ni wọ́n mú wá. Ní Nsukka ni ẹ̀kọ́ gbogbogbò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, ẹ̀ka yòówù kí wọ́n wà, ti bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Nítorí náà, nígbàkigbà tí GST bá ń bí yín nínú, Nsukka ni kí ẹ bi.

Ọdún yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ tí Eric Ashby ṣe alága rẹ̀ gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde lórí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà. Wọ́n ní oyè tí a jogún ti há jù, pé orílẹ̀-èdè tuntun nílò oríṣiríṣi ẹ̀kọ́ tó bá ìlò ìlú mu. Ọmọ Yorùbá kan wà nínú ìgbìmọ̀ náà, Ọ̀mọ̀wé Sanya Onabamiro, tí kò fara mọ́ gbogbo ohun tí àwọn yòókù sọ. Ó kọ àbọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, pé Ìwọ̀ Oòrùn gbọ́dọ̀ ní yunifásítì tirẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn gba ọ̀rọ̀ yẹn. Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1962 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244, ní ilẹ̀ Ìbàdàn, kó tó di pé wọ́n kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ọdún 1962 yẹn náà ni Ìbàdàn já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù, tó di yunifásítì tó dá dúró. Àwọn olùkọ́ wa ló wá ń pinnu fúnra wọn, láti ìgbà náà lọ, ohun tó lè bá ohun wo rìn.

Ohun tí a ń lò lónìí jẹ́ àdàlù ìlànà méjèèjì. Láti ọ̀dọ̀ Lọ́ńdọ̀nù la ti rí ọ̀rọ̀ honours, ipò kìíní àti ipò kejì, àti àṣà pé láti ọjọ́ tí o bá ti wọlé ni o ti ní ẹ̀ka tìrẹ. Láti ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà la ti rí unit, sẹ̀mẹ́sítà, GST àti elective. Kò yani lẹ́nu pé ó máa ń da ọmọ tuntun lójú rú.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ ká tú u sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Oríṣi ọ̀nà mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ méjì fi ń pàdé lórí ìwé ẹ̀rí kan ní Nàìjíríà.

Ọ̀nà kìíní ni "àti". Yunifásítì Ìlọrin ní Ìtàn àti Ẹ̀kọ́ Ìbáṣepọ̀ Orílẹ̀-èdè. Òfin Gẹ̀ẹ́sì àti Òfin Ìsìláàmù náà wà níbẹ̀, tí lọ́yà yóò fi mọ òfin méjì. Níbi tí "àti" bá wà, ìhà méjèèjì ló jẹ́ ti ẹ. Má ṣe fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀kan.

Ọ̀nà kejì ni "pẹ̀lú". Ní OAU, Computer Science with Economics wà, ti Mathematics náà sì wà. Ohun tó ṣáájú "pẹ̀lú" ni olórí, ohun tó tẹ̀ lé e ni igbá-kejì. Èyí ló sún mọ́ major àti minor jù ní ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ yunifásítì ló ti so wọ́n pọ̀ kí o tó dé, ìwọ kọ́ lo mú wọn.

Ọ̀nà kẹta ni ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. B.A.Ed. tàbí B.Sc.Ed. túmọ̀ sí pé o ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí wàá fi ṣe tíṣà, o sì ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bú ẹ̀ka yìí, wọ́n á ní ibẹ̀ ni wọ́n ń da ẹni tí kò rí ẹ̀ka gidi sí. Irọ́ ni. Kọ́ọ̀sì ìhà méjì lo ń gbé, tí o sì tún ń lọ kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ láti fi dánra wò.

Ọ̀nà kẹrin ni NCE ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Níbẹ̀, ẹ̀kọ́ méjì ni àṣà, ẹyọ kan ló ṣọ̀wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ lè mú Yorùbá mọ́ Ìtàn tàbí Yorùbá mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹ̀kọ́ bíi ti àgbẹ̀ àti ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń dá ṣe, ohun tí wọ́n ń pè ní double major. Ọmọ Ifọ́n inú wa gba ọ̀nà yìí. Yorùbá àti Social Studies ló fi ṣe NCE, kó tó gba Direct Entry wọ ipele 200.

Yàtọ̀ sí mẹ́rin yìí, elective wà. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, kò sí fọ́ọ̀mù minor, kò sì ní hàn lórí ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ọgbọ́n mú elective rẹ̀ láti ẹ̀ka kan náà lọ́dọọdún ti ṣe minor láìsí orúkọ. Ìwé àkọsílẹ̀ èsì rẹ yóò jẹ́rìí, nítorí gbogbo kọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀.

Ẹ wá mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ ó rí lórí fọ́ọ̀mù. Core ni èyí tí o gbọ́dọ̀ ṣe kí o sì yege. Required jẹ́ èyí tí ẹ̀ka mìíràn ń kọ́ ọ, tí ẹ̀ka tìrẹ sì sọ pé kò ṣe é fò. Elective ni èyí tí o lè yàn. Unit kan dúró fún bíi wákàtí kan lọ́sẹ̀ nínú kíláàsì, láàárín sẹ̀mẹ́sítà ọlọ́sẹ̀ 15. Unit 15 ni wọ́n sábà máa ń ní ó kéré jù ní sẹ̀mẹ́sítà kan, 24 ló pọ̀ jù. Ẹni tó gba B nínú kọ́ọ̀sì oní-unit 3 ní máàkì 12, nítorí B jẹ́ 4 lórí òṣùwọ̀n 5. Èyí túmọ̀ sí pé GST oní-unit 2 tí o fojú di lè fà ọ́ kúrò lókè 4.50 tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà ipò kìíní.

Láti 2022 ni àjọ NUC ti gbé ìlànà tuntun jáde tí wọ́n ń pè ní CCMAS. NUC ló ń sọ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yóò kọ́, yunifásítì ló ń fi ìdá 30 yòókù sí i gẹ́gẹ́ bí ibi tó wà àti ohun tó fẹ́ kí wọ́n fi mọ òun. Ẹ béèrè nípa ìdá 30 yẹn ní ẹ̀ka yín. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ kejì máa ń farapamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ara wa kí ẹ lè fi kọ́gbọ́n. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí a wà, ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọmọ Ifọ́n inú wa pé ẹni tó bá gba Direct Entry wọlé gbọ́dọ̀ pa dà lọ ṣe GST ìpele 100. Ó rò pé NCE ti bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ìpele 400 ló ti mọ̀, nígbà tí wọ́n ń to orúkọ àwọn tó fẹ́ jáde tí wọn ò rí tirẹ̀. Ọdún kan gbáko ni kọ́ọ̀sì oní-unit 2 méjì fi dá a dúró. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ khaki lọ sìnrú ìlú, òun ń wọ kíláàsì pẹ̀lú àwọn jáńbáìtì. Ẹ gba ìwé ìlànà ẹ̀ka yín lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ kà á tán. Bí ohun kan kò bá yé yín, ẹ lọ bá olùdámọ̀ràn ìpele yín, kí ẹ ní kó kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Ohun tó kan Ìlobùú àti Ifọ́n

Nínú ọdún àìròtẹ́lẹ̀ yẹn la pàdé. A jókòó tira nínú kíláàsì tó kún, a sì ń bára wa sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta kó tó di pé ọ̀kan bi èkejì pé, "Ọmọ ìlú wo ni ẹ́?" Nígbà tí a dárúkọ ìlú wa tán, àwa méjèèjì dákẹ́.

Fún ẹni tí kò mọ̀: Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òrólú. Ilé ìlú kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilé ìlú kejì. Èdè kan là ń sọ, ọjà kan là ń ná, àwọn ìyá wa ń fẹ́ra. Síbẹ̀ ìjà ààlà ilẹ̀ ti wà láàárín wa láti ayé àwọn bàbá wa àgbà. Ní 2025, ìjà náà le débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ẹ̀mí lọ, ilé jóná. A kò ní sọ níbí ẹni tó ni ilẹ̀. Oníkálukú wa ní ìtàn tí wọ́n sọ fún un nílé, àwọn ìtàn náà kò sì bára mu.

Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kò lè parí irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè fi jẹ́rìí pé òun ló ni ilẹ̀. Èkíní ni ìtàn àtẹnudẹ́nu. Èkejì ni ìwé ilẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìwà onílẹ̀, bíi kéèyàn máa dáko níbẹ̀, kó máa yá ẹlòmíràn, kó sì máa tà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni pípẹ́ lórí ilẹ̀ náà. Ẹ̀karùn-ún ni níní ilẹ̀ tó so mọ́ ọn, tó fi jọ pé ẹni náà ló ni ti àárín. Ẹ ka márààrún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìtàn àti Yorùbá ló ni èkíní. Lọ́yà àti ẹni tó mọ ibi ìkó-ìwé-pamọ́ sí ló ni èkejì. Onímọ̀ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àwùjọ lè tú ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Sọ̀fíyọ̀ àti onímọ̀ ilẹ̀ ló lè ya àwòrán ẹ̀karùn-ún.

Ẹjọ́ mìíràn tún wà tí ó ti Gold Coast wá ní 1957, ti Kojo Kejì àti Bonsie, tí àwọn adájọ́ wa ń lò dòní. Ó ní bí ìtàn àtẹnudẹ́nu ìhà méjèèjì bá takora, kí adájọ́ má ṣe gbé e lé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ún gbọ́ létí. Kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́, kó fi mọ èwo nínú ìtàn méjèèjì ló ṣeé gbà gbọ́. Ẹni tó kọ́ Òfin nìkan yóò mọ orúkọ ẹjọ́ náà sórí, ṣùgbọ́n kò ní mọ bí oríkì ṣe ń pa ìtàn mọ́ tàbí bí ó ṣe ń yí i padà. Ẹni tó kọ́ Ìtàn nìkan yóò gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, kò sì ní mọ ohun tí ilé ẹjọ́ ń fẹ́ nínú rẹ̀.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ rí èyí. Nígbà tí Saburi Biobaku bẹ̀rẹ̀ ètò ìwádìí ìtàn Yorùbá ní 1956, kò kó àwọn òpìtàn nìkan jọ. Ó pe àwọn onímọ̀ àwùjọ àti àwọn tó ń wú nǹkan àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀. Ìwé Sources of Yoruba History, tí òun ṣe olóòtú rẹ̀ tó jáde ní 1973, kó ẹsẹ Ifá, èdè àti ìwé àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ pọ̀ sójú kan. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀ka kan gbọ́n, ẹ̀ka kejì gbọ́n, òun náà ló yẹ ká fi wo ààlà.

Nínú ìlànà NUC tuntun, kọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ GST 312, lórí àlàáfíà àti bí a ṣe ń parí ìjà. Unit 2 péré ni. Àwọn èèyàn máa ń ka ìwé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. A fẹ́ bẹ ẹ̀yin ọmọ Ìlobùú, ọmọ Ifọ́n àti ọmọ Ẹ̀rìn tí ẹ ń bọ̀, ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ òun nìkan ni kọ́ọ̀sì tí ẹ ó jọ jókòó sí fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀, láìsí ẹni tó ń ju òkò.

A rántí ìbéèrè bàbá ọmọ Ìlobùú inú wa: èwo nínú méjèèjì ni wọn yóò fi pè ọ́? Ní ọdún tó kọjá, ó mú ọmọ Ifọ́n lọ kí bàbá náà. A kò dárúkọ ìlú títí tí oúnjẹ fi tán. Nígbà tí a dárúkọ rẹ̀, bàbá wo àlejò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ṣé o yó, àbí kí wọ́n bu sí i?" Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ohun tí wọ́n sọ fún un nílé nípa ilẹ̀ náà. Ó fetí sílẹ̀. Kò gbà, ṣùgbọ́n ó fetí sílẹ̀ títí dé ìparí, èyí tí a kò rí kó ṣe rí.

Ẹ̀yin ọmọ tuntun, bí "àti" bá wà láàárín orúkọ kọ́ọ̀sì yín, ẹ má ṣe bójú wẹ̀yìn. Ẹ mọ core yín, ẹ mọ required yín, ẹ fi ọgbọ́n mú elective yín, ẹ má sì fi GST ṣeré. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, bí ẹ bá ti lo ẹ̀kọ́ méjì yín fún ohun kan tí ẹ̀kọ́ kan kò lè ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá sọ ọ́ fún wa. Àwọn àbúrò yín ń béèrè.